KÌ Í ṢE GBOGBO AṢỌ NI A Ń SÁ SÍ OÒRÙN

Lẹ́tà mẹ́rin ni ó wà lórí tábìlì wa bí a ti ń kọ èyí, láti Anthony ni gbogbo wọn sì ti wá, àdúgbò nì ní Kosofe níbi tí títì Ìkòròdú àti títì tí ó ti Òṣòdì lọ sí Gbàgádà ti ré ara wọn kọjá. Àwọn mẹ́rin tí ó kọ wọ́n kò mọ ara wọn, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni wọ́n béèrè: nínú gbogbo ohun-èlò tí a fi ń fi ara pamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èwo ni ó dára jù, kí wọn lè mú un lò, kí ọkàn wọn sì balẹ̀?

Àwọn àgbàlagbà kan yóò kọ́kọ́ bi wá pé, kí ni ọmọlúwàbí ní í fi pamọ́? A kò ka ìbéèrè náà sí òmùgọ̀, nítorí inú òkùnkùn ni olè ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n òwe tí a fi ṣe àkọlé ọ̀rọ̀ yìí ti dáhùn rẹ̀. Aṣọ tí a kò sá sí oòrùn kì í ṣe aṣọ tí a jí. Aṣọ tí ó súnmọ́ ara ni. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá mọ èyí, nítorí ìpín 37 nínú Òfin-Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ṣe ìlérí pé ilé ọmọ Nàìjíríà, ìwé tí ó kọ, àti ọ̀rọ̀ tí ó sọ lórí tẹlifóònù jẹ́ ohun àṣírí tirẹ̀. Àwọn oníwèé-ìròhìn Yorùbá náà kò ṣàìmọ ìwúlò orúkọ ìbòjú. Ní ọdún 1929 ni Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá jáde; I. B. Thomas, olóòtú ìwé-ìròhìn náà, ni ó sì ń kọ wọ́n lábẹ́ orúkọ yìí, títí a fi tẹ̀ wọ́n ní odindi ìwé ní ọdún 1930.

Nítorí náà a ó dáhùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdáhùn wa lè máà tẹ́ gbogbo yín lọ́rùn lójú kan náà: kò sí èyí tí ó dára jù. Agbòjò dára, ṣùgbọ́n kò lè gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀fọn. Àwọ̀n ẹ̀fọn dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi í borí wọ inú òjò yóò tutù. Kí ènìyàn tó mú ohun kan lò, ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè méjì: Kí ni mo ń fi pamọ́? Lọ́wọ́ ta ni mo sì ń fi í pamọ́? Ẹni tí kò bá lè dáhùn èkejì yóò ná owó rẹ̀ dànù, ìbàlẹ̀ ọkàn èké ni yóò sì rà.

Kí ó lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá jókòó nínú yàrá rẹ̀ ní Anthony tí ó fi fóònù wá ọ̀rọ̀ kan. Ojú mẹ́rin ni ó lè tẹ̀ lé e. Ojú èkínní ni ti ará ilé tí ó ń bá a lo fóònù náà, nítorí fóònù a máa kọ gbogbo ibi tí a bá lọ sílẹ̀ bí akọ̀wé tí ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ojú èkejì ni ti ilé-iṣẹ́ tí ń ta dátà fún un, tàbí ti ẹni tí ó ni Wi-Fi tí ó ń lò; bí àdírẹ́sì ìkànnì bá fi https bẹ̀rẹ̀, ojú yìí kò lè ka ohun tí a kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè mọ orúkọ ìkànnì náà àti wákàtí tí a dé ibẹ̀. Ojú ẹ̀kẹta ni ti ẹni tí ó ni ìkànnì náà. Òun ń rí nọ́ḿbà IP wa, èyí tí ó dàbí nọ́ḿbà ilé lára ògiri, ó sì mọ orúkọ wa pẹ̀lú bí a bá ti fi orúkọ wọlé. Ojú ẹ̀kẹrin ni ti aláṣẹ, tí ó lè pàṣẹ fún èkejì àti ẹ̀kẹta pé kí wọn mú àkọsílẹ̀ wọn wá. Ẹ má sì gbàgbé pé láti ọdún 2011 ni a ti ń fi orúkọ àti àwòrán sílẹ̀ kí a tó lo káàdì SIM ní Nàìjíríà, àti pé ní oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba pàṣẹ pé kí a so káàdì náà mọ́ nọ́ḿbà ìdánimọ̀ tí a ń pè ní NIN. Ẹni tí ó bá fi nọ́ḿbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀ ti fi orúkọ baba rẹ̀ sílẹ̀.

Wàyí o, a ó mú àwọn lẹ́tà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkínní ti ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan wá tí ó ń múra ìgbéyàwó. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, AS ni. Ti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ náà, AS ni. Ó fẹ́ ka ìwé nípa rẹ̀ kí ó tó sọ fún ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ni ó jọ ń lo fóònù kan ṣoṣo, nínú ilé oníyàrá púpọ̀ tí ògiri rẹ̀ ní etí. Ó kọ̀wé pé, “Ẹ̀gbọ́n kan sọ fún mi pé kí n ra VPN. Ẹ̀yin bàbá wa, ṣé kí n rà á?”

Ọmọ wa, má ra ohunkóhun. Ojú èkínní nìkan ni ìwọ ń sá fún, ohun tí yóò sì gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti wà nínú fóònù náà lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú browser, fèrèsé ìkọ̀kọ̀ kan wà tí Chrome ń pè ní Incognito, tí Firefox àti Safari sì ń pè ní Private. Bí o bá kàwé nínú rẹ̀ tí o sì pa gbogbo rẹ̀ dé nígbà tí o bá ṣe tán, fóònù náà yóò gbàgbé ibi tí o lọ. Ìwé tàbí àwòrán tí o bá gbà sílẹ̀ kò ní parẹ́, nítorí náà má gba ohun kan sílẹ̀; má sì fi orúkọ ẹnikẹ́ni wọlé níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé fèrèsé yìí bo òun mọ́ ilé-iṣẹ́ fóònù tàbí mọ́ àwọn oníkànnì. Ní ọdún 2020, àwọn ènìyàn kan pe Google lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà pé ó ń kó àkọsílẹ̀ ìrìn wọn jọ nígbà tí wọ́n wà nínú Incognito gan-an. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìwé àdéhùn fi hàn pé Google gbà láti pa ọ̀kẹ́ àìmọye àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ run. Fèrèsé ìkọ̀kọ̀ ń bo ni mọ́ ará ilé. Kò ṣe ju èyíinì lọ. Fún ìwọ ọmọ wa, ó tó. Nígbà tí o bá sì ti kà á, ìwọ yóò rí i pé nínú oyún kọ̀ọ̀kan tí AS méjì bá ní, ewu ọ̀kan nínú mẹ́rin wà pé kí ọmọ náà jẹ́ SS. Àwa bẹ̀ ọ́, kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó pẹ̀lú àwọn òbí yín kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Àṣírí tí a fi ń ronú jinlẹ̀ dára. Kí a má ṣe sọ ọ́ di èyí tí a fi ń tan ara wa jẹ.

Lẹ́tà kejì ti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá, alátùn-ún-ṣe fóònù, tí ó máa ń jókòó nínú ilé oúnjẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti lo Wi-Fi ọ̀fẹ́. Ó ní VPN ọ̀fẹ́ wà lórí fóònù òun láti ìgbà tí ìjọba ti ilẹ̀kùn Twitter, àti pé láti ọjọ́ náà kò sí ẹni tí ó lè rí òun mọ́.

Àbúrò wa, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ ni òtítọ́. Gbogbo wa ni a rántí ọdún náà. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 2021, Twitter, tí orúkọ rẹ̀ ti di X láti ọdún 2023, yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ kúrò. Ní ọjọ́ kẹrin, Mínísítà Lai Mohammed kéde pé a ti dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ karùn-ún, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 ni a tó tún un ṣí, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje ọdún náà sì ni ilé-ẹjọ́ ECOWAS dá a lẹ́jọ́ pé ìtìpa náà kò bá òfin mu. Ní gbogbo oṣù méje nì, àwọn oníṣòwò tí oníbàárà wọn wà lórí Twitter kò jókòó lásán. Púpọ̀ nínú wọn gba VPN.

Báyìí ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́. VPN a máa fi àpò tí a rán ẹnu rẹ̀ di ọ̀rọ̀ rẹ, a sì gbé e lọ sí kọ̀ǹpútà kan, bóyá ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó tó tú u sílẹ̀ níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ fóònù rí àpò. Kò rí inú rẹ̀, kò sì mọ ibi tí ó ń lọ lẹ́yìn Lọ́ńdọ̀nù. Oníkànnì ní tirẹ̀ rí àlejò tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Nítorí náà, bí ìkànnì kan bá wà tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, tàbí bí o bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ lórí Wi-Fi ilé oúnjẹ láìjẹ́ kí onílé oúnjẹ mọ ibi tí o ń lọ, VPN ni ohun-èlò rẹ.

Ṣùgbọ́n wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀: ojú èkejì fọ́, ojú mìíràn sì là. Ẹni tí ó ni VPN náà ni ó ń rí ohun tí ilé-iṣẹ́ fóònù ń rí tẹ́lẹ̀. O dàbí ẹni tí ó kó jáde kúrò lọ́dọ̀ onílé kan nítorí òfófó, tí ó sì lọ gba yàrá lọ́dọ̀ onílé mìíràn tí kò wádìí ìwà rẹ̀. Facebook ra ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Onavo ní ọdún 2013. VPN ọ̀fẹ́ ni Onavo ń fún àwọn ènìyàn, ó ní òun ń dáàbò bò wọ́n. Facebook sì ń fi í mọ irú áàpù tí wọ́n ń lò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018 ni ó kúrò nínú ọjà Apple lẹ́yìn tí Apple sọ pé ó rú òfin òun, ní ọdún 2019 ni wọ́n pa á tì, ní oṣù keje ọdún 2023 sì ni ilé-ẹjọ́ kan ní Australia pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ méjì lábẹ́ Meta san mílíọ̀nù 20 dọ́là ilẹ̀ náà nítorí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sìn ọ́ tí kò gba owó lọ́wọ́ rẹ, bi í léèrè ibi tí ó ti ń jẹun. Bí o bá fẹ́ lo VPN, san owó fún èyí tí ó ti jẹ́ kí àwọn aṣàyẹ̀wò láti òde wo ìwé rẹ̀ pé kò tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kí o sì mọ̀ pé bí o bá wọ Facebook pẹ̀lú orúkọ rẹ láti inú VPN, Facebook mọ̀ ọ́ bí ẹni mọ owó. Ẹni tí ó wọ agbádá àyálò tí ó sì tún sọ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí ni ó fi pamọ́?

Lẹ́tà kẹta mú wa lọ́kàn púpọ̀. Opó kan ni ó kọ ọ́, tí ń ta tòmátì àti ata tí ó ń rà ní Mile 12. Ní ìgbà tí ọjà rẹ̀ rà, ó yá owó díẹ̀ lọ́wọ́ áàpù kan lórí fóònù. Ọjọ́ sísan kọjá pẹ̀lú ọjọ́ mẹ́ta péré, áàpù náà sì ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìjọ, sí àna rẹ̀, àti sí olùkọ́ ọmọ rẹ̀, pé olè ni. Ọmọ àdúgbò kan gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi VPN sórí fóònù náà, ó ní ó ti parí. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ìránṣẹ́ náà tún bẹ̀rẹ̀. Ó béèrè pé VPN wo ni ó lágbára ju èyí lọ.

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ìtìjú tí kì í ṣe ẹ̀bi yín. Kò sí VPN tí ó lè ṣe é. Áàpù náà kò gba ojú ọ̀nà wọlé. Ẹnu ilẹ̀kùn ni ó gbà, nígbà tí ó béèrè pé kí ẹ jẹ́ kí òun wo ìwé orúkọ àwọn ojúlùmọ̀ yín, tí ẹ sì tẹ “bẹ́ẹ̀ ni” nítorí owó jẹ yín lógún. Gbogbo orúkọ náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ohun tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó fẹ́ yá irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe ni kí ó wọ ibi ìṣètò fóònù rẹ̀, níbi tí a ti ń fún áàpù ní àṣẹ, kí ó sì kọ̀ láti fi ojúlùmọ̀ àti àwòrán hàn án. Láti ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Google ti ka á léèwọ̀ fún àwọn áàpù ayánilówó tí ó wà nínú ọjà Play láti wo méjèèjì wọ̀nyí. Áàpù tí a bá fi lẹ́tà WhatsApp ránṣẹ́ sí yín pé kí ẹ gbà wọlé kò sí lábẹ́ òfin ọjà náà; ẹ má ṣe gbà á.

Fún èyí tí ó ti ṣẹlẹ̀, ohun-èlò yín kì í ṣe ìbòjú bí kò ṣe ẹ̀sùn. Ẹ ya àwòrán gbogbo ìránṣẹ́ náà, kí ẹ kọ orúkọ áàpù náà sílẹ̀, kí ẹ sì kọ̀wé sí FCCPC, àjọ tí ń gbèjà oníbàárà, tí ó ti ń forúkọ àwọn ayánilówó orí fóònù sílẹ̀ láti ọdún 2022, àti sí NDPC, àjọ tí òfin ọdún 2023 gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo ìròhìn nípa ọmọ ènìyàn. Kì í ṣe òfin ẹnu lásán. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, NITDA bu ìtanràn ₦10,000,000 lé Soko Lending lórí nítorí irú ìwà yìí gan-an. Ẹ san owó tí ẹ jẹ bí agbára yín bá ti mọ. Gbèsè kì í sọ ènìyàn di ẹni tí a lè tú sí ìhòòhò ní gbangba.

Lẹ́tà kẹrin ti ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹlẹgbẹ́ wa kan wá. Ní ọ́fíìsì rẹ̀, a ń yọ owó ìfẹ̀yìntì kúrò nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ní oṣooṣù, ṣùgbọ́n owó náà kò dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Ó ti rí ìwé rẹ̀. Ó fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ó ní ọmọ mẹ́ta nílé ẹ̀kọ́. Ó béèrè pé, “Bí mo bá lo Tor, ṣé ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé èmi ni?”

Arákùnrin wa, Tor ni ó lágbára jù nínú àwọn ohun-èlò tí a ó dárúkọ lónìí, ó sì yẹ kí o mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ìwádìí àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà ni ó bẹ̀rẹ̀ èrò náà ní nǹkan bí ọdún 1995. Ní ọdún 2002 ni a tú u sílẹ̀ fún aráyé, àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ sì ti di ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè láti ọdún 2006. Wọ́n fi àlùbọ́sà pè é, nítorí ìwé nínú ìwé ni. Jẹ́ kí a sọ pé o fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti Anthony sí Mile 12. O fi í sínú àpò-ìwé mẹ́ta, ọ̀kan nínú èkejì. Ará Maryland gbà á lọ́wọ́ rẹ, ó ya ti òde, ó rí i pé kí òun gbé e fún ará Ọjọ́ta. Ará Ọjọ́ta ya èkejì, ó gbé e fún ará Kétu. Ará Kétu ya ẹ̀kẹta, ó sì fi í jíṣẹ́ ní Mile 12. Ará Maryland mọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí lẹ́tà ń lọ. Ará Kétu mọ ibi tí ó ń lọ, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́. Ará Ọjọ́ta kò mọ èkínní, kò mọ èkejì. Níbi tí onílé VPN kan ṣoṣo ti mọ ohun gbogbo, nínú Tor kò sí ẹnì kan tí ó mọ̀ ọ́n tán. Owó rẹ̀ kò sí, a sì lè rí Tor Browser fún fóònù Android láti ọdún 2019. Ó kàn ń falẹ̀, nítorí ọ̀nà jíjìn ni ó ń gbà.

Síbẹ̀ ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni ìkẹyìn, ará Kétu wa, lè ka lẹ́tà tí a kò fi èdìdì dì: ní ọdún 2007, Dan Egerstad, ará Sweden, dúró ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ó sì rí ọ̀rọ̀-ìwọlé ímeèlì àwọn ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba oríṣiríṣi. Nítorí náà, ìkànnì tí ó ní https nìkan ni kí o bá lò. Èkejì ni pé ará Maryland mọ̀ pé o kọjá. Ní oṣù kejìlá ọdún 2013, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Harvard lo Tor láti fi ìhàlẹ̀ bọ́ǹbù ránṣẹ́ kí ó má bàa ṣe ìdánwò. Ohun búburú ni ó ṣe. Ọ̀nà tí a gbà mú un rọrùn: wọ́n wo ẹni tí ó lo Tor lórí Wi-Fi ilé-ẹ̀kọ́ náà ní wákàtí náà. Nítorí náà, má ṣe lo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, má ṣe lo Wi-Fi ọ́fíìsì, bí ó ti wù kí ó rí.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó tóbi jù ni pé Tor kò lè bo ohun tí ó wà nínú lẹ́tà náà. Ní ọdún 2017, Reality Winner, òṣìṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, fi ìwé àṣírí ìjọba ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn. Nígbà tí wọ́n wádìí, ẹni mẹ́fà péré ni ó tẹ ìwé náà jáde, òun nìkan nínú wọn sì ni ó ti fi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kọ̀wé sí àwọn oníròyìn náà rí. Wọ́n fi í sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́ta. Àwòrán pẹ̀lú ní ẹnu: ní oṣù kejìlá ọdún 2012, àwòrán kan tí ìwé-ìròhìn Vice tẹ̀ jáde fi hàn pé John McAfee, tí àwọn ọlọ́pàá Belize ń wá láti fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, wà ní Guatemala, nítorí fóònù ti kọ ibi tí a ti yà á sínú àwòrán náà.

A ní ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ èyí, a kò sì tíì sọ ọ́ nínú ìwé-ìròhìn yìí rí. Nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan tí a kì yóò dárúkọ, lẹ́tà kan dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà, láìní orúkọ lábẹ́ rẹ̀. Ó sọ bí a ti ń fi orúkọ òṣìṣẹ́ tí ó ti kú gba owó oṣù. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ ti ṣọ́ra: kò fi ọwọ́ kọ ọ́, ẹ̀rọ ni ó fi tẹ̀ ẹ́; kò sì fi í sí àpótí lẹ́tà àdúgbò rẹ̀. Ọ̀gá pè wá, ó na ìwé náà sí wa, ó ní, “Akọ̀wé, wo ‘e’ yìí. Ẹ̀rọ wo ni ó ń tẹ̀ ẹ́ báyìí?” Ìrù lẹ́tà náà ti ṣẹ́. Àwa tí a ń fẹ́ kí a yìn wá pé ojú wa mú, a kò ronú, a dáhùn kíá pé, “Ti yàrá kejì ni, sà.” Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń lo ẹ̀rọ náà. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní ọmọ mẹ́rin. Ó bọ̀ wá lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí ó ń lọ, nítorí kò mọ̀ pé ẹnu wa ni.

Nítorí náà, arákùnrin wa, kí o tó bi wá nípa Tor, ka iye ènìyàn tí ó lè ti rí ìwé tí o fẹ́ fi ránṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ìwọ àti ẹnì kan, Tor kò ní gbà ọ́. Fi ìwé náà sílẹ̀, kí o sì wá ohun tí gbogbo òṣìṣẹ́ lè rí. Ó wà! Olúkúlùkù yín ní àkáǹtì ìfẹ̀yìntì, olúkúlùkù sì lè béèrè ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ń tọ́jú rẹ̀. Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ fi owó náà ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí ó bá ti san owó oṣù. Bí ìwé rẹ bá fi hàn pé owó kò wọlé, ti ẹni tí ó jókòó tì ọ́ yóò fi ohun kan náà hàn. Ẹ̀sùn tí ogójì ènìyàn lè mú lọ sí PenCom kò tọ́ka sí ẹnì kan. Bí o bá sì ní láti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ṣáájú, mọ̀ pé WhatsApp ti ń di ọ̀rọ̀ ní èdìdì láti oṣù kẹrin ọdún 2016, ṣùgbọ́n nọ́ḿbà rẹ hàn sí ẹni tí o ń kọ̀wé sí. Nọ́ḿbà ni Signal náà fi ń forúkọ ènìyàn sílẹ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù kejì ọdún 2024 ni ó ti ṣeé ṣe láti fi orúkọ mìíràn bo nọ́ḿbà náà mọ́ ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ Signal ní ọdún 2016, ọjọ́ tí a ṣí àkáǹtì àti ọjọ́ tí a lò ó kẹ́yìn nìkan ni ó ní láti fún wọn.

A kò sọ èyí láti fi ẹ̀rù bà ọ́ kúrò lẹ́nu òtítọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, nípa ọ̀rọ̀ ẹni tí a kò dárúkọ, EFCC rí owó dọ́là tí ó ju mílíọ̀nù 43 lọ nínú ilé kan ní Osborne Towers ní Ìkòyí. Bí kò bá sí ìbòjú fún ẹni tí ó mọ̀, ta ni ìbá sọ ọ́?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ báyìí. Ẹni tí ó ń sá fún ojú ará ilé, kí ó lo fèrèsé ìkọ̀kọ̀. Ẹni tí ó ń sá fún ojú oní-Wi-Fi tàbí ilẹ̀kùn tí a tì, kí ó lo VPN tí ó ti wádìí. Ẹni tí áàpù ń yọ lẹ́nu, kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ áàpù náà, kí ó sì fi ẹjọ́ sùn. Ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnì kan mọ òun àti ibi tí òun ń lọ pọ̀, kí ó lo Tor, kí ó sì kọ́kọ́ ka iye àwọn tí ó mọ ohun tí òun mọ̀. Ẹni tí ó sì fẹ́ lo èyíkéyìí nínú wọn láti lu ọmọnìkejì rẹ̀ ní jìbìtì, òun kọ́ ni a kọ̀wé sí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan kù tí kò sí ohun-èlò tí ó lè bá wa ṣe é, ọwọ́ àwa tí a wà ní àyíká ẹni tí ó fi ara pamọ́ ni ó sì wà. Nígbà tí a bá bi wá pé, “Ẹ̀rọ wo ni ó tẹ èyí?” kí a kọ́kọ́ béèrè ìdí tí a fi fẹ́ mọ̀. A ti wá ọkùnrin yàrá kejì nì láti ọdún púpọ̀ láti tọrọ àforíjì, a kò rí i. Bí ó bá ń ka ìwé-ìròhìn yìí, kí ó mọ̀ pé àwa ni. Ó dìgbà kan ná.